Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè: Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Ìdí tí Ó Fi Kan Gbogbo Wa

Nígbà tí ìdílé méjì bá gbé ẹjọ́ ilẹ̀ dé iwájú adájọ́, tí ọ̀kan nínú wọn sì mú ìwé àtijọ́ kan jáde, ohun méjì ni ilé ẹjọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ nípa ìwé náà. Èkíní ni ohun tí ó wí. Èkejì ni ibi tí ó ti wá. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 155, sọ pé bí ìwé kan bá ti pé ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì jẹ́ pé ibi tí ó yẹ kí ó wà ni a ti mú un wá, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni ó fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ìwé tí a kàn bá lábẹ́ ibùsùn, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Kí ìwé wà ní ibi tí ó yẹ kí ó wà: ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí dá lé nìyí. Ẹni náà ni olórí àwọn tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba ní orílẹ̀-èdè wa. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kò mọ orúkọ ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wọn, oyè ìdílé wọn, owó ìfẹ̀yìntì wọn àti ààlà ìlú wọn lè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tí ó tóbi jù nínú àwọn tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà kò jìnnà sí wa. Ìbàdàn ni ó wà. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí gbogbo ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ dé, àti ohun tí ó kù sí àwa fúnra wa lọ́wọ́.

Ta ni olùtọ́jú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti dá ilé àkọsílẹ̀ ìjọba sílẹ̀ láti ọdún 1838. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1934 ni wọ́n dá ipò Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, Olùdarí Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè ni òfin pe ẹni tí ó wà ní ipò yìí, òfin tí ó sì ń ṣàkóso iṣẹ́ rẹ̀ lónìí ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1992.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ àti ilé ìkàwé jẹ́ nǹkan kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìwé kan bá sọnù ní ilé ìkàwé, a lè ra òmíràn, nítorí òǹtẹ̀wé ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì tí ajẹ́lẹ̀ kan kọ nípa ààlà abúlé méjì ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn kò sí ní ọjà kankan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Bí iná bá jó o tàbí tí ikán bá jẹ ẹ́, ó parí. Ìyàtọ̀ kejì ni pé ẹni tí ó kọ ìwé tí a ń tà kọ ọ́ kí àwọn ènìyàn lè kà á. Ẹni tí ó kọ fáìlì kọ ọ́ láti fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni, kò sì ronú pé ọmọ ọmọ ẹnì kan yóò wá wò ó lọ́jọ́ kan. Èyí gan-an ni ó mú kí ó jẹ́ ẹ̀rí tí ó lágbára.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni ó ń tọ́jú ìtàn àwọn ọba láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ ìdílé ni, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ní oko, pèrègún ni a máa ń gbìn sí ààlà, kí ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ ibi tí ti baba rẹ̀ parí sí. Àwọn baba wa mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rí wà níbi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, kí ẹnì kan sì wà tí a lè bi léèrè nípa rẹ̀.

Ohun tí ìwé Johnson fi hàn

Ìwé kíkọ fi agbára kún ọ̀nà àtijọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó mú ewu tirẹ̀ wá. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, gba ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà mìíràn, ó sì parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901 láì rí i mọ́.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ. Nígbà tí ó tún fi í ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì gba ọkọ̀ tí ó gbé e. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ni ó tó jáde, nígbà tí Obadiah náà ti kú ní ọdún kan ṣáájú. Ìwé yìí ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ nípa ìtàn Yorùbá kọ́kọ́ máa ń ṣí títí di òní. Bí kò bá jẹ́ ti àwọn àkọsílẹ̀ pélébé tí ẹnì kan nínú ìdílé náà kò dà nù, a kì bá tí ní in.

Ìtàn yìí yé wa dáadáa nítorí pé ìwé olókìkí ni. Ṣùgbọ́n àìmọye fáìlì ni kò ní àbúrò bí Obadiah. Nítorí irú wọn ni a ṣe nílò ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti rí i pé wọn kò sọnù.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà

Títí di nǹkan bí ọdún 1950, kò sí ilé kan ní Nàìjíríà tí a yà sọ́tọ̀ fún títọ́jú ìwé ìjọba tí iṣẹ́ ti tán lórí wọn. Ìwé wà káàkiri ní ọ́fíìsì àwọn ajẹ́lẹ̀, ní kọ́ọ̀tù àti ní yàrá ẹ̀yìn àwọn iléeṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1951, ìjọba gbé iṣẹ́ kan lé Kenneth Onwuka Dike lọ́wọ́. Ọmọ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò ni, ó sì jẹ́ olùkọ́ ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga tí ó wá di Fásitì Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá gbogbo ìwé ìjọba tí ó ní ìtàn nínú kàn, kí ó sì gba ìjọba nímọ̀ràn lórí bí a ó ṣe pa wọ́n mọ́.

Dike kò jókòó sí Ìbàdàn kí ó máa retí pé àwọn ọ́fíìsì yóò kọ lẹ́tà sí òun. Ó lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, ó ń wo ibi tí ìwé wà, irú èyí tí ó wà níbẹ̀ àti ipò tí wọ́n wà. Ó rí i pé ikán, ọ̀rinrin àti àìbìkítà ti ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Lórí àbọ̀ tí ó jẹ́ fún ìjọba ni a fi dá Ọ́fíìsì Àkọsílẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1954, Dike fúnra rẹ̀ sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin tí a ṣe ní ọdún 1957 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ di Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè. Ilé náà wà nínú ọgbà Fásitì Ìbàdàn títí di òní, àwọn ilé ńlá mìíràn sì wà ní Enugu àti Kàdúná.

Ohun kan wà tí ó mú kí Dike fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní àkókò náà, àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù ń sọ pé Áfíríkà kò ní ìtàn àfi èyí tí òyìnbó bá mú wá. Ní ọdún 1956, Dike tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí òwò àti ìṣèlú ní agbègbè Ẹnu Odò Ọya, ó sì fi àkọsílẹ̀ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu hàn pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni ó ń darí ọ̀ràn ara wọn. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́ yóò máa gba ohun tí ẹlòmíràn bá sọ nípa rẹ̀ ni. Nígbà tí ó yá, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Igbá-kejì Ọ̀gá Àgbà Fásitì Ìbàdàn, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe ilé ìkàwé ńlá tí ó wà níbẹ̀.

Ohun tí Olùdarí náà ń ṣe

A lè pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún.

Ọ̀nà kìíní ni pé ó ń bá àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ètò ìwé wọn nígbà tí ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì. Ìwé tí a kò fún ní nọ́ńbà, tí a kò fi sí fáìlì tí ó yẹ, tí a kò kọ ọjọ́ sí, kò ní dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá fi máa dé ilé ìpamọ́ ní ọdún 30 lẹ́yìn náà. Nítorí náà, Olùdarí àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní láti máa ṣe àbẹ̀wò, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn tí ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì gbogbo. Iṣẹ́ tí Dike fi ẹsẹ̀ rìn ní ọdún 1951 kò tíì parí. Olúkúlùkù ẹni tí ó bá dé ipò náà ni ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Ọ̀nà kejì ni yíyan ohun tí a ó pa mọ́ àti ohun tí a ó dà nù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó lè pa gbogbo ìwé mọ́. Ìwé tí a fi béèrè fún pépà àti bíró, tàbí ẹ̀dà mẹ́wàá ti ìkéde kan náà, kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí a bá gbálẹ̀ gbálẹ̀, ààtàn ni a ń dà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbálẹ̀ lè gbá wúrà mọ́ pàǹtí. Ó tún lè jẹ́ pé ẹni tí ó ní ohun tí ó fẹ́ bò mọ́lẹ̀ ni ó gbá ìgbálẹ̀ náà mú. Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọ́dọ̀ jó ìwé ìjọba tàbí kí ó dà á nù láì gba àṣẹ Olùdarí. A kò fi àṣẹ náà sílẹ̀ fún ọ́fíìsì tí ó ni ìwé nìkan. A fi í sí ọwọ́ ẹni tí ó wà ní ìta, tí kò ní èrè tàbí àdánù nínú ohun tí ìwé náà wí. Nínú gbogbo agbára tí òfin fún un, bóyá ni a rí èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù èyí lọ.

Ọ̀nà kẹta ni títò ìwé. Nígbà tí fáìlì bá dé, wọn kì í da ti ọ́fíìsì kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn, wọn kì í sì í tú u ká kí wọ́n lè tò ó bí ó ti wù wọ́n. Bí ọ́fíìsì tí ó kọ ọ́ ṣe tò ó ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀. Ìdí ni pé lẹ́tà kan kò lè yéni tán bí a bá yọ ọ́ kúrò láàárín èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ àti èsì tí ó tẹ̀lé e. Èyí kan ẹni tí ó bá fẹ́ wá ìwé púpọ̀. Nígbà ìjọba amúnisìn, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà wà lára Ẹkùn Ọ̀yọ́. Ọmọ Iléṣà tí ó ń wá ìwé nípa oyè baba rẹ̀ lónìí lè ní láti wá a láàárín àwọn fáìlì Ẹkùn Ọ̀yọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni.

Ọ̀nà kẹrin ni dídáàbò bo ìwé lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Ooru, ọ̀rinrin, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, eruku, ikán, eku àti ìpẹtà píìnì ni ọ̀tá ìwé. Yàrá ìpamọ́ ní láti tutù, kí ó gbẹ, kí ìwọ̀n ooru rẹ̀ má sì máa lọ sókè sódò. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, iná mànàmáná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kì í ṣe ìṣòro kékeré. Bí owó ìṣúná bá sì kéré, ibi tí Olùdarí yóò ti kọ́kọ́ rí àbájáde rẹ̀ ni etí ìwé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún.

Ọ̀nà karùn-ún ni kí ìwé náà di ohun tí ará ìlú lè lò. Àwọn ìwé kan wà tí òfin fi àkókò dè, bí èyí tí ó kan ààbò ìlú tàbí àṣírí ẹni. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti ṣí sílẹ̀, ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni. Bí ìdílé méjì bá ń ṣẹjọ́, fáìlì kan náà ni Olùdarí gbọ́dọ̀ fi han àwọn méjèèjì. Kò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, kì báà jẹ́ ọba, olóṣèlú tàbí ìjọba tí ó gbà á síṣẹ́.

Ohun tí iná ọdún 1973 kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1973, iná sẹ́ ní ilé tí a ń kó ìwé àwọn ọmọ ogun sí nítòsí ìlú St. Louis. Nǹkan bíi fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 ni ó jóná. Kò sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Olúkúlùkù fáìlì jẹ́ ti ènìyàn kan tí ó ti sin orílẹ̀-èdè rẹ̀: ọjọ́ tí ó wọ iṣẹ́ ogun, ibi tí ó ti jagun, ọgbẹ́ tí ó gbà, ọjọ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn àti opó wọn ti ń tiraka láti fi ìdí ẹ̀tọ́ wọn múlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní láti lọ máa ṣa ìwé owó oṣù, ìwé ilé ìwòsàn àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn jọ, kí wọ́n lè fi tún ìtàn iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan tò. Wọ́n ṣì ń tún àwọn ìwé tí iná jó díẹ̀ nínú wọn ṣe títí di òní.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹ̀lé bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì mọ ohun tí a ń sọ. Ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga àti ìwé ìfẹ̀yìntì ni a máa ń béèrè. Òṣìṣẹ́ tí ó fi ọdún 35 sin ìjọba lè kó ẹ̀dà tirẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba ni a fi ń jẹ́rìí sí i. Bí ìyẹn bá sọnù, ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ ni ó máa ń jìyà rẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ dé, àti ti ìpínlẹ̀

Olùdarí Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè kì í ṣe ọ̀gá gbogbo fáìlì ní Nàìjíríà. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní Apá Kejì ti Àfikún Kejì rẹ̀, fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní agbára láti ṣe òfin lórí àkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ó sì fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára láti ṣe òfin lórí àkọsílẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá ààlà kan sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì: kò sí òfin tí wọ́n lè ṣe tí kò ní pa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Àwọn tí ó kọ Ìwé Òfin rí ìpamọ́ ìwé bí ohun tí ó yẹ kí a dáàbò bò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin pàápàá.

Èyí ṣe pàtàkì fún wa ní pàtó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jáde láti inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, a sì yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1991. Nígbàkígbà tí ìpínlẹ̀ bá pín, òṣìṣẹ́ máa ń pín, ilé máa ń pín, fáìlì náà sì ní láti pín. Ìgbà ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ ni ìwé máa ń sọnù jù. Nítorí náà, ẹni tí ń darí àkọsílẹ̀ ní ìjọba àpapọ̀ àti àwọn tí ń tọ́jú fáìlì ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìwé tí a kò tọ́jú ní ìjọba ìbílẹ̀ kò ní dé ibi kankan tí olórí èyíkéyìí ti lè gbà á là.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 náà ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ó pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba máa kọ ohun tí ó bá ń ṣe sílẹ̀, kí ó sì tò ó ní ọ̀nà tí a ó fi lè rí i. Abala 10 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ tàbí olórí iléeṣẹ́ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́, tàbí tí ó gbìyànjú láti yí i padà kí ó tó fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó béèrè fún un, ti dá ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ kò lè dín ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹ̀tọ́ ará ìlú láti béèrè kò ní ìtumọ̀ bí ohun tí ó ń béèrè kò bá sí mọ́.

Ìwé tí kò sí lórí pépà

Ní ayé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ ìpinnu ìjọba kì í dé orí pépà mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni a ti ń kọ ọ́, íméèlì ni a fi ń ránṣẹ́, nígbà mìíràn orí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Àwọn ènìyàn rò pé èyí ti mú kí ìpamọ́ rọrùn. Òótọ́ ni pé a lè fi àwòrán ìwé àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà kí a má baà máa fi ọwọ́ kan ojúlówó rẹ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n pépà tí a tọ́jú dáadáa lè lò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, a ó sì máa kà á láìlo ẹ̀rọ kankan. Àwọn díìsìkì pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń kó iṣẹ́ wọn sí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ó lè ṣí wọn ti ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, olùtọ́jú àkọsílẹ̀ òde òní ní láti máa kó ìwé orí kọ̀ǹpútà láti ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun, kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, kí ó sì lè fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ìbéèrè ilé ẹjọ́ kò yí padà: níbo ni ìwé yìí ti wá?

Bí ará ìlú ṣe lè lò ó

Ẹni tí ó bá fẹ́ wá àkọsílẹ̀ ní ilé ìpamọ́ tí ó wà ní Ìbàdàn kò ní láti jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́, kí ó sì múra sílẹ̀ láti san owó tí òfin bá là sílẹ̀. Kí ó tó lọ, kí ó kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀: orúkọ ìlú àti bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà náà, orúkọ ìdílé, ọdún tí ó rò pé ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, àti ọ́fíìsì ìjọba tí ó ṣeé ṣe kí ó ti bójú tó o. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi ìwé atọ́ka hàn án, yóò yan nọ́ńbà fáìlì tí ó fẹ́, wọn yóò sì gbé e wá bá a ní yàrá ìkàwé. Pẹ́ńsù ni a fi ń kọ nǹkan níbẹ̀, kì í ṣe bíró. A kì í jẹun nídìí ìwé, a kì í sì í mú fáìlì kúrò níbẹ̀. Bí ìwé náà bá wúlò fún ẹjọ́, abala 104 ti Òfin Ẹ̀rí fàyè gbà á kí ó béèrè fún ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ tí ó ni àbójútó rẹ̀ fọwọ́ sí pé ó bá ojúlówó mu.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, fáìlì tí ẹ ń kọ lónìí ni ẹ̀rí ọ̀la. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún, ẹ má ṣe gbé e lọ sílé, ẹ má sì ṣe jó o nítorí pé yàrá kún. Ẹ béèrè kí ẹ tó dà á nù.

Ẹ̀yin ìdílé, àwọn ìwé tí ó wà nínú àpótí bàbá àgbà lè ní ìtàn tí ó ju ti ilé yín nìkan lọ. Àwọn ìwé Herbert Macaulay tí ó wà ní Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Fásitì Ìbàdàn jẹ́ ìwé ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n láti inú wọn ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ nípa ìjà òmìnira Nàìjíríà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù nígbà tí àgbà tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ yọ píìnì tí ó ti dípẹtà kúrò lára ìwé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ àti ìwé oyè wà níbi tí ó ju ọ̀kan lọ. Bí ẹ kò bá sì mọ ohun tí ẹ ó fi ìwé àtijọ́ ṣe, ẹ fi han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpamọ́ kí ẹ tó dáná sun ún.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn ní láti ní ohun tí yóò rí níbẹ̀. Olùdarí kan lè ní òfin lọ́wọ́, kí ó ní ilé, kí ó sì ní òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí a ti jó ní ọ́fíìsì kan lánàá, kò sí bí ó ṣe lè fi í hàn wá lọ́la.